Ọdún Mọ́kànlá Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ọjọ́ Orí Ìyá Mi

"Ta ló gbé pẹpẹ yìí sókè?" Ohun tí ìyá mi bi mí nìyẹn ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ilé wa ní Ìwó, nígbà tí wọ́n na ọwọ́ sí agolo gaàrí tí ọwọ́ wọn kò sì tó o. Àwọn fúnra wọn ló ní kí káfíńtà kan pẹpẹ náà mọ́ ògiri, níbi tí ọwọ́ wọn tó. Mo bá wọn gbé agolo náà, mo ní, "Màámi, pẹpẹ ò kúrò níbi tó wà o." Wọ́n ní, "Àbí ilẹ̀ ló ń fà mí?" A jọ rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo kó jalamíà wọn mẹ́rin lọ bá télọ̀ pé kó gé etí wọn, nítorí wọ́n ti ń wọ́ nílẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi: ìyá mi ń kúrú lójú mi, aṣọ ni mo ń gé!

Ìyá mi ti kú báyìí. Àwọn àbúrò mi mẹ́ta gbà pé ìjọba ló pa wọ́n. Wọ́n ń ṣépè fún ilé ìwòsàn, èmi náà sì ń ṣe àmín. Àmín yẹn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́, nítorí mo mọ ẹni tí èpè náà ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Ilé-ìwé ìjọba kan ń wá obìnrin tí yóò máa gbálẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í gba ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún. Ìyá mi ti pé àádọ́ta. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ ni mo jókòó tí mo kọ ìwé ìbúra ọjọ́ orí. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ti ń ṣe é: ẹni tí a kò kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀, àgbà ilé rẹ̀ kan ni yóò lọ búra ní kóòtù pé òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Mo kọ mọ́kàndínlógójì. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí a ń pè ní Bàbá Kuta nítorí pé Kuta ni wọ́n ti ń dáko, ló fọwọ́ lé Kùránì tí wọ́n sì tẹ̀ka. Nígbà tí a délé, ìyá mi fi gèlè bojú bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, wọ́n ní, "Kóòtù ti sọ mí di ọmọge! Ẹ lọ wá ọkọ fún mi!" A rẹ́rìn-ín títí. Ta ni nínú yín tí kò mọ ẹnìkan tó ní ọjọ́ orí méjì, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ìjọba? Iṣẹ́ yẹn ni àwọn àbúrò mi fi kàwé. Ìyá mi sì gbálẹ̀ títí wọ́n fi pé ọgọ́ta ọdún nínú ìwé ìjọba. Nínú ara wọn, wọ́n ti lé ní àádọ́rin.

Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni mo gba káàdì ìlera adójútòfò fún wọn, èyí tí ìjọba fi ń bá ni san owó ìtọ́jú. Nígbà tí ẹ̀yìn ń ro wọ́n, mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan, ọmọdé lójú mi, ní kí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, ó wọn gíga wọn, ó sì bi mí bóyá aṣọ wọn ti ń gùn jù wọ́n lọ. Mo rántí télọ̀. Ó ní egungun àgbà a máa ṣófo nínú láìjẹ́ pé ojú rí i, bí òpó tí ikán ti jẹ. Ó ní ẹ̀rọ kan wà ní Ìbàdàn tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, oògùn sì wà tí kò ní jẹ́ kó burú sí i, káàdì náà yóò sì san gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínláàádọ́rin. "Màmá ti kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa," ó wí, ó sì kọ ìwé fún wa. A dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé. Ó wo káàdì, ó wo ìyá mi, ó tún wo káàdì. "Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n, mà." Mo ní, "Ẹ tiẹ̀ wò wọ́n." Ó ní, "Mo ń wò wọ́n, mà. Ojú mi gbà, kọ̀ǹpútà ni kò gbà. Bí ọdún bá ṣì, ẹni tó búra ni kó lọ tún búra."

Ní ọjọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ lọ sí Kuta. Bàbá Kuta ń bẹ èèpo gbágùúdá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún wọn. Wọn kò gbójú sókè. "Tíṣà," wọ́n ní, "nígbà tí mo búra àkọ́kọ́, ìwọ lo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ti parọ́ lórí Kùránì nítorí rẹ. Ṣé kí n wá lọ jẹ́wọ́ rẹ̀ ní kóòtù kí n tó kú? Kí ni wọn ó ṣe sí owó ìfẹ̀yìntì àbúrò mi? Kí ni wọn ó ṣe sí ìwọ tí o kọ ọ́?" Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló dè mí mọ́lẹ̀. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ni mí, ó sì ku ọdún díẹ̀ kí èmi náà fẹ̀yìn tì. Mo lè lọ jẹ́wọ́ fún dókítà yẹn kó bá wa wá ọ̀nà. Mo lè ta ilẹ̀ tí mo rà sí ọ̀nà Ilé-Ogbó kí n fi ṣe àyẹ̀wò náà. N kò ṣe ọ̀kankan. Orúkọ mi ni mò ń dáàbò bò.

Kí ni mo wá sọ fún ìyá mi? Mo ní ẹ̀rọ Ìbàdàn ti bàjẹ́, ohun kan náà ni mo sì sọ fún àwọn àbúrò mi. Wọ́n gbà mí gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìyá mi yóò ní, "Tíṣà mi, ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Wọn ò tíì tún un ṣe?" Èmi yóò ní, "Wọ́n ń retí páàtì rẹ̀ láti òkè òkun, Màámi." Wọ́n tilẹ̀ ń fi ẹ̀rọ náà sínú àdúrà lẹ́yìn ìrun! Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi ti lé ní ogún ọdún, mo tún bí èkejì lé e.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé bùútà jáde láti ṣe àlùwàlá. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n sì ti ń gba orí rẹ̀ kọjá fún ogójì ọdún. Wọn kò tilẹ̀ ṣubú bí ẹni ń ṣubú. Wọ́n kàn jókòó lójijì ni, bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Mo gbọ́ ìró egungun náà láti ilé ìdáná. Itan wọn ti kán lókè. Dókítà yẹn náà wo fọ́tò egungun, ó ní irin tí à bá fi dè é kò ní rí ibi dì mú. Ó bi mí pé, "Àyẹ̀wò tí mo kọ fún yín ńkọ́, mà?" Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi dùbúlẹ̀. Egbò yọ ní ẹ̀yìn wọn, ikọ́ wọ àyà. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa lọ, wọ́n ṣì bi mí: "Páàtì yẹn ò dé, àbí?" Mo ní, "Kò dé, Màámi." Ni mo bá bú sẹ́kún. Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí. "Má sunkún mọ́. Ìwọ kọ́ lo bà á jẹ́."

Ní ọjọ́ fìdáù, àlùfáà bèèrè iye ọdún tí màmá lò láyé. Gbogbo ojú yí sí mi, nítorí ọ̀dọ̀ mi ni ìwé wọn wà. Mo ní, "Méjìléláàádọ́rin," ọjọ́ orí ti ilé, kì í ṣe ti ìjọba. Bàbá Kuta wúkọ́, wọ́n tẹjú mọ́ ẹní.

Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n pe àwọn àbúrò mi jókòó, kí n sọ ohun tí mo ṣe fún wọn? Bàbá Kuta ní kí n jẹ́ kó bá òkú wọlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé, bí aṣọ wọn bá ń wọ́ nílẹ̀, ẹ má sáré lọ bá télọ̀. Bí ẹ bá sì ti bu ọdún wọn kù nínú ìwé, ẹ lọ tún un ṣe nígbà tí ẹni tó búra ṣì wà láàyè, kí ojú sì tì yín. Ìtìjú kì í kán ni ní itan.

Agolo gaàrí ṣì wà lórí pẹpẹ. Jalamíà mẹ́rin wà nínú àpótí, wọ́n kúrú jù fún gbogbo wa. Káàdì náà wà lọ́wọ́ mi. Nínú rẹ̀, ìyá mi pé ọdún méjìlélọ́gọ́ta lóṣù tó kọjá. Ó ku ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó yẹ egungun wọn wò.