Ṣúgà Tí Mò Ń Sá Fún Ló Gbà Mí Nídìí Afárá

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kì í fi òmùgọ̀ sílẹ̀ fún ìwà òmùgọ̀ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bá ti sin mí, ẹ bá sì ti jẹ ìrẹsì ìsìnkú mi tán. Èmi gan-an ni òmùgọ̀ náà. Mo gbààwẹ̀, mo lo oògùn ṣúgà láìjẹun, mo tún wá fẹsẹ̀ rìn láti Adjamé dé Treichville nínú oòrùn. Mo rò pé bí mo bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ìwòsàn á tètè dé.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ìlú elédè Faransé yìí, mi ò ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò ní àga. Abọ́ tánganran ni mò ń kiri. Ọpọ́n ńlá kan wà lórí mi, abọ́ kún inú rẹ̀, àwọn ife tí mo fi okùn so rọ̀ yí etí rẹ̀ ká, wọ́n bò mí lójú dé àgbọ̀n. Tí mo bá ń bọ̀, ife àti ẹsẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Màá gbéra ní Adjamé láàárọ̀, màá gba Plateau kọjá, màá sọdá afárá, ó di Treichville. Lórí afárá, atẹ́gùn ọ̀sà á máa fẹ́, àwọn ife á máa kọrin létí mi. Burẹ́dì gígùn ni mò ń jẹ lọ́sàn-án, pẹ̀lú káfé tí mílíìkì rẹ̀ pọ̀ ju omi lọ. Àìsàn ṣúgà ò mọ̀ mí. Níbo ló ti fẹ́ bá mi? Mi ò dúró lójú kan. Ó ń rẹ̀ wá nígbà yẹn, ẹ̀yin ará, ṣùgbọ́n ó dùn.

Ọlọ́run wá bù kún mi. Ṣọ́ọ̀bù dé, mọ́tò dé, àga kan tó ń yí náà dé. Ogún ọdún ni mo fi jókòó sórí àga yẹn. Àga ń yí, èmi ò mira. Nígbà tó yá, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ mí ṣáá, ìtọ̀ ò jẹ́ kí n gbádùn, dókítà ní ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ó fún mi ní oògùn, ó ní, "Bàbá, ẹ máa jẹun, ẹ máa lo oògùn yín, kí ẹ sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́."

Rìn kẹ̀? Ẹ̀yin náà ẹ mọ ọjà wa. Bí wọ́n bá rí oníṣòwò tó ń fẹsẹ̀ rìn ní Adjamé, kó tó dé ìyànà, ìròyìn á ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ pé òwò rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko, mi ò rìn. Àdúrà ni mò ń gbà, lórí àga.

Ẹ̀rù ló lé mi dìde. Ọ̀rẹ́ mi kan, ará Ṣakí, tí a jọ kiri abọ́, ṣúgà mú òun náà, egbò kékeré kan yọ sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Mo lọ kí i. Mo wo ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ yẹn wà lórí ibùsùn, mo tún wo ẹsẹ̀ tèmi. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀fọn bá jẹ mí lẹ́sẹ̀, màá pe gbogbo ilé kí wọ́n wá bá mi wò ó.

Ọ̀sẹ̀ tí ìjọ ń gbààwẹ̀ ló bọ́ sí. Lọ́jọ́ Sátidé, mi ò sọ fún ìyàwó mi, mo gbé oògùn mì, mi ò fẹnu kan oúnjẹ, mo fi mọ́tò sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo kọrí sí ọ̀nà àtijọ́. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ mi, mò ń jù ú sókè, mò ń hán an, kí ẹni tó bá rí mi lè mọ̀ pé mọ́tò wà níbì kan.

Lórí afárá, inú mi dùn. Atẹ́gùn àtijọ́ yẹn náà ni. Mo tiẹ̀ gbọ́wọ́ sókè bíi pé mo fẹ́ di ọpọ́n mú. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ sí Treichville, òógùn tútù bò mí, kọ́kọ́rọ́ já bọ́ lọ́wọ́ mi, ojú mi ṣú. Mo ké "Jésù!" mo sì fi ṣòkòtò funfun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Obìnrin Júlà kan tó ń ta káfé nídìí afárá ló sáré wá.

"Tọ́ntọ́n, bàbá, ṣé ẹ ní àìsàn ṣúgà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Ààwẹ̀ ni."

Ó pàtẹ́wọ́. "Háà! Bàbá mi gẹ́lẹ́ nìyí!" Ó yọ kóró ṣúgà mẹ́ta nínú páálí, ó ní kí n la ẹnu.

Mo ní, "Rárá o, ìyá. Ọ̀tá mi nìyẹn."

"Ọ̀tá yín náà ló máa gbé yín délé lónìí. Ẹ la ẹnu, jàre!"

Ẹ̀yin ará, èmi tí mo fi oṣù mẹ́ta bẹ Ọlọ́run pé kó mú ṣúgà kúrò lára mi, èmi náà ni mò ń rún ṣúgà lẹ́nu lójú títì bí ọmọ iléèwé. Kò pẹ́, ojú mi là. Ta ló fi obìnrin yẹn síbẹ̀? Ta ló fi àìsàn bàbá rẹ̀ kọ́ ọ sílẹ̀ dè mí? Halelúyà!

Nígbà tí mo dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì bú mi dáadáa. Ó ní bí èèyàn bá ń rìn, iṣan ẹsẹ̀ á máa jẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bí iná ṣe ń jẹ epo, kódà lẹ́yìn tó bá ti jókòó. Oògùn tèmi náà sì ń fa ṣúgà wálẹ̀ ní tirẹ̀. "Ẹ tan iná méjì, bàbá, ẹ ò bu epo sí i. Kí lẹ fẹ́ kó jó?" Ó ní kí n máa jẹun kí n tó rìn, kí n fi kóró ṣúgà sápò, kí n sì bi dókítà léèrè kí n tó tún gbààwẹ̀.

Mo délé, mo ti bàtà sábẹ́ ibùsùn. Bí mo bá rìn, mo lè ṣubú kú. Bí mi ò bá rìn, wọ́n lè gé mi lẹ́sẹ̀. Akíkanjú ọkùnrin, mo padà sórí àga.

Ṣùgbọ́n ẹ wò mí lónìí! Ṣúgà ti wálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà wo ìwé àyẹ̀wò náà kó tó gbà. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ló gbé mi wá síwájú yín. Ti Olúwa ni gbogbo ògo. Ẹ dìde, ẹ bá mi jó. Ẹni tí orúnkún bá ń dùn, kó fi èjìká jó.

Ẹ ó ní ta ló yọ bàtà yẹn lábẹ́ ibùsùn. Ìyá Dáre ni, ìyàwó mi, òun ló ń fi ìborùn bojú lọ́hùn-ún yẹn. Lọ́jọ́ kan, a jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, ó kúnlẹ̀, ó ń wọ bàtà náà sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ní àwọn èèyàn á máa sọ pé mo ti ta mọ́tò. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, "Bàbá Dáre, nígbà tí mo wà nídìí àtẹ màmá mi ní Treichville, ife kì í jẹ́ kí n rí ojú yín. Ẹsẹ̀ yìí ni mo fi ń dá yín mọ̀. Òun ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ mọ́tò. Ẹ dìde, ká jọ lọ."