Ẹ̀rọ Omi Tí Mo Jẹ́ Kó Bàjẹ́ ní Ayétòrò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé mi yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Àṣírí kan ti wà nínú mi láti ìgbà tí mo ti wà ní omidan. Mo ti di ìyá arúgbó báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa, Ayétòrò, fẹ́ kọ orúkọ mi sára kànga ẹlẹ́rọ tuntun. Wọ́n ní èmi nìkan ló kù nílé nínú àwọn tó ń fún ìlú lómi láyé ìjọ́un. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù ná. Ojú ń tì mí.

Ilé-iṣẹ́ omi ni mo ti ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n Múfú ni ọ̀gá mi, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ẹ ò mọ bí ayé ṣe dùn nígbà náà! Tí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún láàárọ̀, àwọn ìyá á gbé garawa jáde sídìí ẹ̀rọ omi ìta, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Tí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Olómi wa, o ṣeun o!" Inú mi á dùn bí ẹni pé èmi ni mo dá omi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Ẹ̀gbọ́n Múfú ń lọ kírun. Ó ní, "Àbúrò mi, má kúrò nídìí ẹ̀rọ yìí o. Tó bá ti gbóná jù, pa á."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n."

Àfẹ́sọ́nà mi dé láti Ìmẹ̀kọ. Nígbà tó ń padà lọ, mo ní kí n kàn sìn ín dé ibùdókọ̀. Ọ̀rọ̀ wọ̀ wá lára, mo gbàgbé. Nígbà tí mo padà, èéfín ti bo gbogbo ilé ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ti nọ́ọ̀kì. Kò tan mọ́ láéláé.

Àwọn ọ̀gá àgbà wá wádìí. Ẹ̀rù bà mí. Mo sọ pé Ẹ̀gbọ́n Múfú ti ní kí n máa lọ sílé, pé kò fi ẹnikẹ́ni sídìí ẹ̀rọ kó tó lọ kírun. Irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n wò mí. Ó kó kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ lé wọn lọ́wọ́.

Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Wọn ò gbé ẹ̀rọ mìíràn wá. Àwọn ìyá padà sódò. Tí mo bá rí wọn lọ́nà, mo máa ń yà gba ibòmíràn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n Múfú ní Ìlaro. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n." Kíá, ó mọ ohùn mi. Ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Wá kí i. Àbúrò mi nìyí. Nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀rọ tó o."

Mo padà sílé láìsọ ohun tí mo bá wá.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ padà lọ. Ṣé níwájú ọmọ rẹ̀ ni kí n ti sọ ọ́, àbí fún òun nìkan? Tó bá bi mí pé kí ló ṣe mí tí mo fi purọ́ mọ́ òun, kí ni kí n wí? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ẹ̀gbọ́n ti dàgbà.