Bí Ọlọ́run Ṣe Gbà Mí Lọ́wọ́ Òfin Ọ́fíìsì Dámọ́lá

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, tí kò sì jẹ́ kí ọjọ́ orí mi di ẹ̀sín ní Àgọ́-Ìwòyè.

Gbogbo yín mọ̀ mí. Ìwé kékeré ni mo kà, mi ò sì kà á parí, ṣùgbọ́n wọn ò tíì ṣe jẹnẹrétọ̀ tó máa gbó mi lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí Dámọ́lá, ọmọ ìlú Awa tó dá ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ nítòsí yunifásítì, ṣe fi jẹnẹrétọ̀ àti géètì lé mi lọ́wọ́. Orí fóònù ni wọ́n ti ń ta ẹja àwọn ará Efire, ìlú etí omi, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ náà mọ iṣẹ́, kò sì gbéraga. Òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ ń mu gààrí ni.

Àmọ́ ó ṣòfin kan. Ó ní kò sí ọ̀gá, kò sí bàbá, kò sí "sà" ní ọ́fíìsì òun, orúkọ ni kí kálukú máa pe ẹnì kejì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbi tí kọ̀ǹpútà ti wá. Ni ọmọge kan tí mo lè bí lẹ́ẹ̀mejì bá ń yọrí lójú fèrèsé: "Jòsáyà, tan jẹnẹrétọ̀." Èmi tí wọ́n fi jẹ Bàbá Ìjọ! Àwọn apẹja Efire gan-an, bí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ wọn gbàgà lórí fóònù, wọ́n á pa á, ẹja ò ní wá mọ́.

Mo gbìyànjú. Bí mo bá pe Dámọ́lá, "sà" á ti tẹ̀ lé e. Ó kìlọ̀ títí, ó wá ní bí òun bá tún gbọ́ ọ, kí n máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀, ọmọ mi wà ní yunifásítì, iṣẹ́ yìí là ń jẹ. Mo gbààwẹ̀, mo sunkún síwájú pẹpẹ yìí. Ẹ sì mọ̀ pé bí èmi bá ń gbàdúrà, áńgẹ́lì kì í tòògbé.

Kò pẹ́ tí mo ṣínu ni bàbá àgbà kan sọ̀ lórí ọ̀kadà ní géètì. Mo rántí ìkìlọ̀, mo béèrè orúkọ, ó ní Adébísí. Mo ní, "Adébísí, káàbọ̀. Wọlé."

Ó wò mí. "Ṣé èmi àtìwọ jọ ṣeré òṣùpá ni?"

Mo ní kó má bínú, òfin ẹni tó ni ọ́fíìsì ni. Àṣé bàbá Dámọ́lá ni! Dámọ́lá fúnra rẹ̀ ló sáré jáde, ó nà gbọọrọ sórí sìmẹ́ńtì, "ẹ káàbọ̀ sà" lẹ́nu rẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ ń wò ó.

Bàbá ò ní kó dìde. Ó ní, "Adébísí lorúkọ mi. Pè mí."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Èmi kọ́ ni mo ṣòfin. Pè mí, kí n ráyè wọlé."

Dámọ́lá dojú bolẹ̀. Oòrùn ń pa á lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Ọmọge tó ń rán mi níṣẹ́ ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tó ń bẹ bàbá, ni gbogbo ọ́fíìsì bá wólẹ̀. Dámọ́lá wá kọjú sí mi, ó rọra ní, "Bàbá, ẹ bá wa gbé àga fún wọn."

Ẹ̀yin ará, mo gbé àga yẹn bí ìtẹ́ ọba! Òfin parí lọ́jọ́ náà. Ní báyìí, ọmọge yẹn á kọ́kọ́ bi àwọn ará Efire léèrè ìyàwó àtọmọ, ẹja sì ń wá débi pé fíríìsà ò ṣeé pa dé.

Ọlọ́run ló ni ògo, ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi jó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí àgbà kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀.