Èmi Ni Mo Ń Ṣe Iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Ọmọ Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún àgbà kankan. Ọmọ mi obìnrin ń bọ̀ láti Èkó lọ́jọ́ Sátidé, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tú u sílẹ̀ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bá mi wí.

Gbaji ni mò ń gbé, àgbọn ni mò ń bó tà. Sẹ̀nami, ọmọ tí ọmọ mi obìnrin yìí bí, ló wà lọ́dọ̀ mi. Ègùn là ń sọ nílé, Yorùbá là ń sọ lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì wá di àlejò lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí èsì ilé-ìwé rẹ̀ ò dára, ìyá rẹ̀ fi ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan sórí fóònù mi. Wọ́n á kọ gbólóhùn, wọ́n á fo ọ̀rọ̀ kan, ọmọ á mú èyí tó yẹ nínú mẹ́ta. Ti àná wà níbẹ̀, ti ìsinsìnyí wà níbẹ̀, ti "bí mo bá mọ̀ ni, ǹ bá ti lọ" náà ò gbẹ́yìn. Máàkì tó bá gbà á dé orí fóònù ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní bí máàkì ò bá gòkè kó tó di ìsinmi, òun máa mú un lọ sọ́dọ̀ òun.

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù. Ilé mi á dákẹ́ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: bí Sẹ̀nami bá ti lọ sílé-ìwé, mo máa ń gbé fóònù, mo ń tẹ̀ ẹ́ fún un. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, mi ò mọ ohun tí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ń wí. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ èyí tí kò dáa, ó máa pọ́n. Bó bá dáa, á dà bí ewé. Wọ́n sì gbà kéèyàn tún un ṣe. Mo tún un ṣe títí gbogbo rẹ̀ fi dà bí ewé.

Kò jọ irọ́ lójú mi nígbà náà. Níbi tí a ti ń bó àgbọn, bí òkìtì ọmọdé ò bá tán, àgbà tó ti ṣe tirẹ̀ tán á bá a bó o, a ó sì máa pè é ní òkìtì ọmọ náà. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ọwọ́ ta ló bó o. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì rí.

Inú ìyá rẹ̀ dùn. Ó ń yin ọmọ, ó ń yin èmi náà. Mo gbádùn ìyìn yẹn, mi ò ní parọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ síbi ìsìnkú kan ní Ikoga, mo gbàgbé fóònù sílé. Sẹ̀nami dé láti ilé-ìwé, ó rí i, ó fúnra rẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́ náà. Máàkì já wálẹ̀ bí àgbọn tó gbó. Bí mo ṣe wọlé ni fóònù ń dún.

"Màámi, kí ló ṣe ọmọ mi? Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

Ẹnu mi yá ju orí mi lọ. Mo ní ibà ni. Ó ní òun á mú oògùn dání bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Sẹ̀nami gbọ́. "Màmá Àgbà, ta ló ń ṣàìsàn?"

Mo jẹ́wọ́ fún un. Mo rò pé á bínú, ẹ̀rín ló fi mí rín, ó ní kí n kúkú máa wọ yunifọ́ọ̀mù òun lọ. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó dùn mí: "Ó wù mí kí n mọ̀ ọ́n o, Màmá Àgbà. Ẹ ò bi mí."

Òótọ́ ni, mi ò bi í. Mo fi àìmọ̀ ọmọ pamọ́ fún ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́, torí ìfẹ́ inú ara mi. Láti ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́, èmi ń wò ó. Máàkì rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó ń gòkè, tirẹ̀ sì ni.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ìyá rẹ̀ bá gbọ́, ó lè mú un lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí mo bá sì dákẹ́, ọmọ tí ara rẹ̀ le koko ni yóò gbé oògùn ibà mì. Ìyẹn ò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi. Màá sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ò ju èyí lọ: ṣé kí n sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà kó tó bọ́ bàtà, àbí kí n jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹun yó?