Ìgè Inú Awọ Kìnnìún

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ní ọdún tó ṣáájú òmìnira, wọ́n rẹ́ Ìgè jẹ. Ìgè télọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rẹ́ mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà wa ní Ọ̀yọ́ níbí ni, lójú gbogbo wa, a sì ń pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín.

Ẹni mímọ́ tí ìjọ wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Ìgínéṣíọ̀sì, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù ni láyé ìgbàanì. Wọ́n mú un lọ sí Róòmù kí kìnnìún lè pa á jẹ. Àwọn onígbàgbọ́ ibẹ̀ fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n má dán an wò o, pé ọkà Ọlọ́run ni òun, eyín kìnnìún ni ọlọ tí yóò lọ òun. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin... Ẹ̀yin òde òní, bí iná bá lọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ti ń wo ilẹ̀kùn.

Ọdọọdún la máa ń ṣeré rẹ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún. Lọ́dún yẹn, gbogbo ìjọ ní Ìgè ni kó ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Ohùn rẹ̀ nìkan, ọmọ tó ń sunkún á dákẹ́. Àmọ́ bàbá katikíìsì, tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní gọ̀mbọ́ ojú Ìgè ti pọ̀ jù. Ó na ọwọ́ sí àwòrán ara ògiri: "Ṣé ẹ rí ilà lójú ẹni mímọ́?"

Ta ló ń sọ̀rọ̀? Àbàjà ojú katikíìsì fúnra rẹ̀, èèrà lè sọnù sínú rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ níbí, níbi tí ọba ti ń fi ilà jókòó sórí ìtẹ́. Ìgè kàn bi í pé ṣé kìnnìún máa ń wo ilà kó tó jẹun ni.

Katikíìsì mú tíṣà kan tí ojú rẹ̀ ń dán bí ẹyin. Ó ní kí Ìgè ṣe kìnnìún, pé awọ á bo ilà. Ìgè ni orí. Èmi ni ìdí... Kí lẹ ń rín? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe ìdí.

Awọ màlúù la rà lọ́wọ́ àwọn alápatà Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìkánjú ò jẹ́ ká sá a gbẹ. Bí a ṣe ń wọ pápá ilé ìwé, níbi tí a ti ń ṣeré náà, gbogbo ajá àdúgbò ló tẹ̀ lé òórùn wa. Tíṣà na ọwọ́ sókè, ó ní kí ẹnikẹ́ni má dá àwọn kìnnìún dúró. Ló bá rí ajá. A ò mọ̀ pé ó ń bẹ̀rù ajá. Bíṣọ́ọ̀bù ká ẹ̀wù sókè, ó di eré. Kìnnìún ń lé bíṣọ́ọ̀bù, ajá ń lé kìnnìún. Èmi ò rí nǹkan kan, mo kàn di bẹ́líìtì Ìgè mú. Ìgè ń bẹ̀ ẹ́ láti inú awọ: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ká pa yín jẹ."

Tíṣà fo ọgbà. Fìlà bíṣọ́ọ̀bù já bọ́.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìgè bá jáde nínú awọ. Ó he fìlà, ó gbọn iyanrìn rẹ̀ dànù, ó dé e. Ó kúnlẹ̀, òógùn ń gba ojú ilà rẹ̀ ṣàn. Ó ní kí n máa bọ̀. Ìdí kìnnìún ló pa bíṣọ́ọ̀bù jẹ lọ́dún yẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn ìyá àgbà ń sunkún.

Nígbà tó di Ọjọ́ Ìsinmi, tíṣà ni katikíìsì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wọ̀ ọ́ lẹ́wù, wọ́n ya fọ́tò. Ìgè ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó wọ inú awọ. Ó wọ̀ ọ́. Ẹ ti rí fọ́tò yẹn nínú gbọ̀ngàn wa. Orúkọ tíṣà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ ẹni tó sá. Ká ní ayé fóònù yín yìí ni, gbogbo ayé ni ì bá ti rí bó ṣe fo ọgbà.

Ìgè ti kú. Katikíìsì náà ti kú. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo dìde nípàdé ìjọ. Mo ní: "Ẹ kọ orúkọ Ìgè sábẹ́ fọ́tò yẹn."

 Alága ní ká dìde fún àdúrà ìparí.

Mo jókòó. Mo tún un sọ, pé kí wọ́n kọ orúkọ Ìgè síbẹ̀.

Wọ́n ti dá orin.