Ilẹ̀kùn Tí Bàbá Géètì Tì

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, àwọn dókítà máa yọ gògóńgò mi. Wọ́n ti ṣàlàyé fún mi pé bí mo bá jí, n kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Ọlọ́run ló ń gbẹ̀san lára ògbufọ̀. Sìgá tí mo ti ń fà láti ọmọ ogún ọdún ló fà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gbọdọ̀ bá mi dé orí tábìlì wọn. Ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń kọ ọ́ sí, ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Bàbá Olóòótọ́. Ẹ gba orúkọ yẹn padà lọ́wọ́ mi. Mo ti ba ayé ẹnì kan jẹ́ rí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo sì fi bà á jẹ́.

Ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn ni. Iná jó ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ, obìnrin méjì nínú àwọn aránṣọ sì kú sínú yàrá ẹ̀yìn nítorí pé ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Àbúrò mi ni ọ̀gá tó ń bójú tó wọn. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é, torí pé kì í fi ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ì báà jẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń lọ. Òun ló ti ilẹ̀kùn yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà kí àwọn obìnrin má bàa tètè lọ sílé, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ó lọ jẹun. Ẹlòmíràn ni ọlọ́pàá mú: bàbá kan tó ń súnmọ́ ọgọ́ta ọdún, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Géètì. Àbúrò mi sọ fún wọn pé òun ti gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Wọ́n wá ní ṣe ni bàbá náà ti ilẹ̀kùn kí iná má bàa dé ibi tí wọ́n kó aṣọ tó ń ṣọ́ sí.

Ọmọ ìyá kan náà lèmi àti Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́, baba wa ló yàtọ̀, nítorí náà orúkọ ìdílé wa kò papọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ní kóòtù pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wá. Nígbà tí wọ́n pè mí sí ẹjọ́ náà, ó yẹ kí n sọ fún adájọ́, kí n yẹ̀ba fún ògbufọ̀ mìíràn. Òfin iṣẹ́ wa nìyẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, èmi ni mo kọ́ yín. N kò sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, àbúrò mi wá bá mi nílé ìdáná, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí. Ìyàwó mi máa bímọ lóṣù tó ń bọ̀."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n lọ parọ́ ní kóòtù?"

"Ẹ ò ní parọ́. Ohun tí bàbá yẹn ń sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un ni pé òun ti ilẹ̀kùn. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Òun ti ilẹ̀kùn. Ẹ kàn máa mú ọ̀kan nínú méjì ni."

Mo lé e jáde. Mo ní kó má fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ̀ mí mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti wọ̀ mí létí. Nínú èdè wa, ẹni tó ti ilẹ̀kùn lè jẹ́ ẹni tó pa á dé, ó sì lè jẹ́ ẹni tó fi èjìká sún un kó lè ṣí. Bákan náà là ń pe méjèèjì. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, wọn kò purọ́. Àmọ́ ìwé tí akọ̀wé kóòtù ń tẹ̀ kò lójú.

Yàrá kóòtù náà kéré, fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí. Adájọ́ kò gbọ́ Yorùbá, lọ́yà tí ìjọba yàn fún Bàbá Géètì kò gbọ́ ọ. Àwa mẹ́ta péré la gbọ́ ọ: èmi, bàbá náà, àti àbúrò mi tó jókòó sẹ́yìn. Mo ti búra pé òtítọ́ ni màá túmọ̀. Wọ́n bi bàbá náà ohun tó ṣe nígbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Iná ti ń jó nígbà tí mo débẹ̀," ó dáhùn. "Àwọn obìnrin yẹn ń ké nínú. Mo ti ilẹ̀kùn, gbogbo agbára mi ni mo fi tì í."

Bó ṣe ń sọ ọ́ ló na ọwọ́ méjèèjì síwájú, tó ki èjìká bọ̀ ọ́, tí iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó bá rí i á mọ̀ pé ọkùnrin yìí fẹ́ kí nǹkan ṣí ni. Adájọ́ dorí kodò, ó ń kọ̀wé. Mo wẹ̀yìn, mo rí àbúrò mi tó fọwọ́ bo ẹnu. Mo wá gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ ní èdè ìjọba pé bàbá náà pa ilẹ̀kùn dé, pé gbogbo agbára rẹ̀ ló sì fi pa á dé.

Kóòtù hó yèè. Adájọ́ gbójú sókè, ó bá ọwọ́ bàbá náà lókè síbẹ̀, ó sì kọjú sí mi.

"Ògbufọ̀, ṣé ọ̀rọ̀ tó lò yẹn kò lè ní ìtumọ̀ mìíràn?"

Ẹ gbọ́ o. Adájọ́ fúnra rẹ̀ ló fẹ́ yọ mí. Ká ní mo sọ pé ó ní, kò sẹ́ni tó máa bá mi wí. Wọ́n á ní mo ṣàtúnṣe ni. Mo dáhùn pé, "Kò ní, Olúwa mi." Wẹ́rẹ́ báyìí. Ẹni tó bá ní mo ṣèèṣì ló fẹ́ràn mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ rò pé ibi tó burú jù nìyẹn? Ó kù. Òfin ní kí n ka àkọsílẹ̀ náà padà fún un ní Yorùbá kó tó tẹ̀ka. Mo tẹjú mọ́ ìwé, mo kà á: "Ẹ ní ẹ ti ilẹ̀kùn, gbogbo agbára yín lẹ fi tì í. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ojú rẹ̀ tàn. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ọmọ mi. Kò lé, kò dín."

Ó ki àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó máa gbé e lọ sẹ́wọ̀n. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ mi mú. "Ọlọ́run á gbọ́ tìrẹ náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi, ìwọ nìkan lo gbọ́ mi yé."

Mo ní àmín. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ní àmín!

Ọdún mẹ́fà ló lò lẹ́wọ̀n. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá mi ní ọ́fíìsì nígbà kan, ó ní, "Bàbá mi ní ẹ̀yin lẹ lè jẹ́rìí sí ohun táwọn sọ." Mo ní kó lọ ka ìwé kóòtù, pé ohun tí bàbá rẹ̀ sọ ló wà níbẹ̀. Ọmọ náà dúpẹ́, ó lọ. Ìyá rẹ̀ kò tẹsẹ̀ sí kóòtù rí, torí àbúrò ìyá yìí gan-an wà nínú obìnrin méjì tó kú. Ohun tí wọ́n wá sọ fún un nílé ni pé ọkọ rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà jáde, obìnrin yìí kò gbà á sílé. Yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ló háyà, ibẹ̀ náà ló kú sí lọ́dún kejì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún àbúrò mi pé mo ti kọ̀wé sí kóòtù, mo sì ti fọwọ́ sí i.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ń lọ, ẹ wá fẹ́ fi mí sílẹ̀ sínú iná?"

Mo ní, "Obìnrin méjì ti ṣáájú rẹ débẹ̀." A ò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.

Wọ́n máa ń ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ máa bá a. Lóòótọ́ ló bá tèmi, ṣùgbọ́n Bàbá Géètì ti wà nínú sàréè. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹjọ́ bá kan ẹni yín, ẹ dìde lórí àga kẹ́lòmíràn jókòó. Bí ọ̀rọ̀ bá ní ojú méjì, ẹ sọ ọ́ sókè pé ó ní ojú méjì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín, sọ fún yín pé kì í ṣe irọ́ lẹ fẹ́ pa.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wá ọmọbìnrin Bàbá Géètì lọ, mo jẹ́wọ́ fún un, ó sì mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ní ẹnu tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ náà ni kó lọ tún un sọ. Mo bá màmá náà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò fi ẹyọ kan pamọ́. Ó ní kí n ṣe é kóun rí i, bí ọkọ òun ṣe ṣe é níwájú adájọ́. Mo dìde, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo ki èjìká síwájú. Ó wò mí títí.

"Ọjọ́ tó jáde, ó wá síbí," ó ní. "Àtàárọ̀ dìrọ̀lẹ́ ló fi dúró níta, ó ń wí pé òun ò ṣe é. Mo ní kó lọ bi àbúrò mi tó jóná."

Mo padà kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ foríjì mí."

Ó gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìwọ rí mi bẹ̀. Èmi ńkọ́, ta ni kí n lọ bẹ̀?"