Mẹ́dàlì Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Ògún

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ní Sátidé tó ń bọ̀, gbogbo ìlú Òsì yóò pé jọ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Èmi ni mo dá àpèjọ náà sílẹ̀, èmi náà ni mo sì ń gbàdúrà kí òjò rọ̀ kó tú u ká.

Sójà ni bàbá mi. Ó ja ogun dé Làìbéríà, níbi tó ti ń gbé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fara gbọta lé èjìká kúrò lójú ìjà. Ìjọba fi mẹ́dàlì dá a lọ́lá títí àyà ẹ̀wù rẹ̀ ò fi gbà á mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i lónìí, ẹ ó rò pé kò kọjá oko iṣu rẹ̀ rí. Òun ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn, ì báà ṣe ọmọdé. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ìfàkì ni mo gbé dàgbà, a ò sì mọ̀ ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ilé Ògún ni ilé bàbá mi. Nígbà tí mo padà wá sí Òsì láti máa tọ́jú rẹ̀, mo rí àwọn mẹ́dàlì náà lẹ́yìnkùlé, nínú agolo mílíìkì kan lẹ́sẹ̀ Ògún, láàárín àdá àwọn baba ńlá wa, tí epo pupa ti bò wọ́n. Ó dùn mí wọra. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe akọni nìyí? Mo lọ bá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí nígbà tó ṣì wà láyé. Inú wọn dùn. Wọ́n ní kábíyèsí fúnra wọn ni yóò fi mẹ́dàlì náà sí i láyà.

Nígbà tí wọ́n wá sọ fún bàbá mi, ó kọ́kọ́ wo ojú mi. Ó wá ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo gbọ́." Mo rò pé ojú ló ń tì í.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń tọ́jú ojúbọ náà ló là mí lójú. Ó ní irin tí jagunjagun ulé àwọn bá ti gbé fún Ògún, ọjọ́ tó bá kú ni wọ́n ń yọ ọ́, kí wọ́n lè tẹ́ ẹ sí i láyà nínú pósí. "Àyà òkú ni à á gbé e lé, ọmọ mi. Ìwọ lo ní kí wọ́n gbé e lé alààyè."

Mo sáré lọ bá bàbá mi. Ó jókòó lẹ́yìnkùlé, ó ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ àwọn mẹ́dàlì náà. Mo kúnlẹ̀, mo ní màá lọ fagi lé gbogbo rẹ̀.

"Má lọ ibì kankan," ló wí. "Wọn ò mọ̀. Ọpẹ́ ni wọ́n fẹ́ dá. Ṣé kí n wá lé ẹni tó ń dúpẹ́ kúrò ní ulé mi ni? Àwọn tí mi ò rí gbé kúrò lójú ìjà ò rí ẹni dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Jẹ́ kí n bá wọn gbà á."

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ó ti fún aládùúgbò wa ní ọkọ́ rẹ̀ tó dára jù. Ó ti gbé rédíò rẹ̀ fún ẹni tó ń gẹrun fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí ló sì ń já mi láyà jù. Pásítọ̀ mi ní kò sí nǹkan kan tó máa ṣẹlẹ̀, pé mẹ́dàlì kì í pa èèyàn. Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Àmọ́ àǹtí mi ti ń gbá yàrá tí wọ́n máa ń tẹ́ òkú ilé wa sí.

Bí mo bá lọ sọ fún kábíyèsí, mo ti dójú ti bàbá mi lójú gbogbo ìlú, ohun tí kò sì fẹ́ nìyẹn. Bí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bàbá, ẹ sọ ohun tí ẹ̀ bá ṣe fún mi, kí Sátidé tó dé. Wọ́n ti gbé kánópì dé láàárọ̀ yìí. Bàbá mi ló ń bá wọn ri òpó rẹ̀ mọ́lẹ̀.